Báńkì ìlú kékeré tó ń tẹ owó tirẹ̀: Wellington, Llandovery àti Gloucester

Adéṣínà_Taunton

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ọ̀rọ̀ owó kì í tán lẹ́nu wa níbí, àmọ́ lónìí, ti àwọn tó ń tẹ owó fúnra wọn ni mo gbé wá.

Taunton ni mò ń gbé, ní agbègbè Somerset nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìlú kékeré kan wà nítòsí wa tó ń jẹ́ Wellington. Bí ẹ bá gba ibẹ̀ kọjá, ẹ ò ní rí ohun tó máa sọ fún yín pé ibẹ̀ ni báńkì aládàáni tó tẹ owó bébà kẹ́yìn ní gbogbo England àti Wales ti bẹ̀rẹ̀. Fox, Fowler and Company ni wọ́n ń pè é. Wọ́n dá a sílẹ̀ ní ọdún 1787, owó tó ní orúkọ wọn lórí sì wà lóde títí di ọdún 1921.

Thomas Fox tó dá a sílẹ̀, oníṣòwò irun àgùntàn ni. Ìdílé rẹ̀ ń ra irun lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀, wọ́n ń ran án, wọ́n ń hun ún di aṣọ, wọ́n sì ń kó o lọ tà. Ẹni tó ní òṣìṣẹ́ tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ní láti máa sanwó ní gbogbo ọ̀sẹ̀, bẹ́ẹ̀ owó ẹyọ onírin ṣọ̀wọ́n gan-an ní England ayé ìgbà náà. Àwọn àgbẹ̀ àti ọlọ́jà náà sì ń wá ẹni tó máa bá wọn tọ́jú owó. Báyìí ni báńkì ṣe hù jáde lára iṣẹ́ aṣọ.

Nǹkan kan tún wà tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀. Ìjọ Quaker ni ìdílé Fox ń lọ. Àwọn ọmọ ìjọ yìí kì í búra ní kóòtù, torí wọ́n gbà pé ọ̀rọ̀ ẹnu onígbàgbọ́ ti tó. Ọmọ ìjọ tó bá jẹ gbèsè tí kò rí i san, ìjọ lè lé e jáde ní gbangba. Ẹni tí irú ìtìjú bẹ́ẹ̀ ń dúró dè kì í ṣe ẹni tó máa tẹ bébà bó ṣe wù ú.

Ohun tí mo fẹ́ ká jọ yẹ̀ wò ni pé, báwo ni bébà tí ìdílé kan tẹ̀ ṣe di owó tí alápatà ń gbà, tí onílé ń gbà, fún ọdún 134?

Àbẹ̀kẹ́_Òṣogbo

Ẹ kú iṣẹ́, Ẹ̀gbọ́n Adéṣínà. Ó yà mí lẹ́nu gan-an. Bí èmi bá tẹ bébà lónìí tí mo kọ ₦5,000 sí i, ẹ̀wọ̀n tààrà ni. Ta ló fún wọn láṣẹ? Kí ló sì ń dá wọn lọ́wọ́ kọ́ tí wọn ò fi tẹ̀ ẹ́ títí ilé á fi kún?

Bàbá_Bódìjà

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi, ìbéèrè gidi lo bi yẹn. Iṣẹ́ báńkì ni mo ṣe kí n tó fẹ̀yìn tì, jẹ́ kí n là á yé ọ díẹ̀.

Láyé ìgbà náà, kò sí òfin tó ní ìjọba nìkan ló lè tẹ owó bébà. Wúrà àti fàdákà tí ọba rọ ni wọ́n ń pè ní owó gidi. Bébà yẹn, ìwé gbèsè ni. Ohun tí wọ́n tẹ̀ sára rẹ̀ ni pé báńkì ṣe ìlérí láti san pọ́n-ùn márùn-ún fún ẹnikẹ́ni tó bá mú un wá, nígbàkigbà tó bá béèrè. Orúkọ ìlú wà níbẹ̀, déètì wà níbẹ̀, nọ́ńbà wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ọ̀kan nínú àwọn tó ni báńkì á fi gègé buwọ́ lù ú, fún ara rẹ̀ àti fún àwọn yòókù. Ojú kan ṣoṣo ni wọ́n sábà máa ń tẹ̀, ẹ̀yìn á funfun.

Èrè wọn nìyí. Àgbẹ̀ wá yá £50. Wọn ò ka wúrà fún un, bébà ni wọ́n kó lé e lọ́wọ́, ó sì ń san èlé lórí rẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí bébà yẹn bá ṣì ń yí lọ́jà, tí ẹnì kankan ò gbé e wá sí káńtà, èlé ń wọlé lórí ohun tí kò ná wọn ju tàdáwà àti owó-orí òǹtẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí àwọn èèyàn bá ya bo ẹnu ọ̀nà lẹ́ẹ̀kan náà, wúrà ni wọ́n fẹ́. Ìdí nìyẹn tí oníbáńkì tó gbọ́n fi ń tọ́jú wúrà sílé, tó sì ń fi owó sọ́dọ̀ aṣojú kan ní London.

Ní ti ohun tó ń dá wọn lọ́wọ́ kọ́, òfin ọdún 1708 sọ pé, yàtọ̀ sí Bank of England, báńkì tí àwọn tó ni ín bá ju ẹni mẹ́fà lọ kò gbọdọ̀ tẹ owó. Nítorí náà báńkì ìdílé ni wọ́n, wọ́n kéré, wọ́n sì pọ̀ káàkiri ìlú. Àwọn ẹni mẹ́fà yẹn kò sì ní odi kankan láàárín gbèsè báńkì àti ohun tí wọ́n ní. Bí báńkì bá wó, ilé wọn, oko wọn, ilé ìhunṣọ wọn, ẹṣin inú ọgbà wọn, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n máa tà fi san gbèsè.

Fi wé alájọ wa. Alájọ tó ń gbé ládùúgbò, tí o mọ bàbá rẹ̀, tí o mọ ibi tí ìyàwó rẹ̀ ń pàtẹ sí, ọ̀nà wo ló máa gbé owó rẹ sá gbà? Ará Wellington tó ń gba bébà Fox, ìdílé Fox ló ń gbà. Ó ń rí wọn lójoojúmọ́.

Ọmọ_Agége

Bàbá, mo gbọ́ o, ẹ má bínú. Mi ò gbà. Báńkì wó lójú wa níbí, àwọn ọ̀gá wọn ṣì ń gun mọ́tò. Bí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bá ní báńkì bẹ́ẹ̀ káàkiri, ó dájú pé púpọ̀ nínú wọn ló jẹ owó mẹ̀kúnnù.

Akówójọ_Peckham

Ọmọ Agége kò parọ́. Owó àtijọ́ ni mo máa ń kó jọ, ti àwọn báńkì ìgbèríko England yìí sì wà lára ohun tí mo fẹ́ràn jù. Báńkì Wellington yè é, àmọ́ ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ kò yè é.

Ní oṣù December ọdún 1825, ìbẹ̀rù gba ìlú. Àwọn èèyàn ti fi owó wọn dá okòwò tó lọ títí dé Gúúsù Amẹ́ríkà, àwọn okòwò yẹn sì fọ́. Báńkì London wó, àwọn tó gbẹ́kẹ̀ lé wọn ní ìgbèríko tẹ̀ lé wọn. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, báńkì tó lé ní 60 ti tilẹ̀kùn. Wúrà ilé Bank of England gan-an fẹ́rẹ̀ẹ́ tán.

Mo ní bébà kan láti ọ̀kan nínú àwọn báńkì tó wó láyé ìgbà náà. Iwájú rẹ̀ rẹwà, lẹ́tà gígùn tó lọ bìrìkìtì, àwòrán ìlú kékeré lókè. Ẹ yí i padà, ẹ̀yìn rẹ̀ ni ìtàn wà. Òǹtẹ̀ àwọn tí ìjọba yàn láti bójú tó gbèsè wà níbẹ̀, tó fi hàn pé ẹni tó ni ín gbé e wá síwájú wọn. Lábẹ́ rẹ̀, wọ́n fi gègé kọ iye tí wọ́n san lórí pọ́n-ùn kọ̀ọ̀kan, ṣílè díẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ṣílè díẹ̀ lẹ́ẹ̀mìíràn. Ẹnì kan ti tò sí ìlà, ó gba díẹ̀, ó padà wá lẹ́yìn ọ̀pọ̀ oṣù, ó tún gba díẹ̀. Ẹni náà ni mo máa ń rò bí mo bá mú un dání.

Nǹkan kan tún wà tí ẹ máa fẹ́ràn. Bí ẹ bá rí bébà tó jẹ́ ìdajì méjì tí wọ́n lẹ̀ pọ̀, ẹ má rò pé ó ya ni o. Olè pọ̀ lójú ọ̀nà. Ẹni tó fẹ́ fi owó ránṣẹ́ á gé bébà sí méjì, á fi ìdajì kan sínú lẹ́tà, á sì dúró di ìgbà tí ìròyìn bá dé pé ó ti gúnlẹ̀ kó tó fi ìdajì kejì ránṣẹ́. Ìdí nìyẹn tí nọ́ńbà fi wà ní apá ọ̀tún àti apá òsì.

Ìyá_Ìbejì_Swansea

Ẹ kú àpérò o. Ẹ ti fọwọ́ kan olè ojú ọ̀nà, ẹ jẹ́ kí n wọlé síbẹ̀. Wales ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ìlú kan sì wà lápá ibí tó ń jẹ́ Llandovery. Ìlú àwọn tó ń da màlúù ni láyé àtijọ́. Wọ́n á kó màlúù jọ lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ orí òkè, wọ́n á fi ẹsẹ̀ dà wọ́n dé ọjà London, wọ́n á tà wọ́n, wọ́n á wá gbé wúrà padà gba inú igbó àti orí òkè kọjá. Àwọn ọlọ́ṣà mọ ọ̀nà yẹn, wọ́n sì mọ àsìkò tí wọ́n ń padà.

Ọ̀kan nínú àwọn adamàlúù yìí, David Jones, ló wá dá báńkì sílẹ̀ ní 1799, nínú ilé èrò kan tó ń jẹ́ King's Head. Àwòrán akọ màlúù dúdú ló wà lórí owó rẹ̀, òun ni gbogbo èèyàn ṣe ń pè é ní Báńkì Akọ Màlúù Dúdú. Èrò rẹ̀ yé mi yékéyéké. Wúrà dúró sí ibi tó wà, bébà ló ń rìn. Àgbẹ̀ tí kò mọ̀wé kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa bẹ ẹnikẹ́ni pé kó ka bébà fún òun, ó ti rí màlúù.

Ní apá Aberystwyth àti Tregaron, òmíràn wà tó ń lo àgùntàn dúdú. Àgùntàn kan ni pọ́n-ùn kan, àgùntàn méjì ni pọ́n-ùn méjì, ọmọ àgùntàn sì ni ṣílè mẹ́wàá, ìdajì pọ́n-ùn. Ọgbọ́n gbáà nìyẹn! Àmọ́ báńkì alágùntàn wó ní nǹkan bí ọdún 1815. Ti akọ màlúù dúró gbọn-in, David Jones kú ní 1839, ó fi ọrọ̀ ńlá sílẹ̀, ìdílé rẹ̀ ń bá a lọ títí Lloyds, báńkì ńlá kan, fi rà á ní 1909.

Ẹ wá wò ó. Màlúù kò dára ju àgùntàn lọ. Ẹni tó wà lẹ́yìn àwòrán ló yàtọ̀.

Àbẹ̀kẹ́_Òṣogbo

Mà, ẹ ṣeun gan-an. Ọ̀rọ̀ ọmọ àgùntàn yẹn wọ̀ mí lára. Ẹ̀yin àgbà, ó jọ pé gbogbo yín ń sọ pé ìlú kékeré tí gbogbo èèyàn ti mọra ló dáàbò bo owó. Kí ló wá ń ṣẹlẹ̀ bí bébà bá kúrò nílùú yẹn?

Títílayọ̀_Providence

Àbúrò, ìbéèrè tí mo ń dúró dè nìyẹn. Ìpínlẹ̀ Rhode Island ní Amẹ́ríkà ni mò ń gbé, ohun tó ṣẹlẹ̀ nítòsí wa níbí sì gbọdọ̀ wọnú ìtàn yìí.

Gloucester, ìlú àgbẹ̀ ni, ní ìwọ̀ oòrùn Providence. Ní 1804, ilé aṣòfin fún àwọn ará ibẹ̀ láṣẹ láti dá Farmers' Exchange Bank sílẹ̀, abúlé Chepachet ni ọ́fíìsì rẹ̀ wà. Ọdún bíi mélòó kan, wọ́n ń ṣe jẹ́jẹ́.

Ọkùnrin kan wà ní Boston nígbà náà, Andrew Dexter ni orúkọ rẹ̀. Ó ń kọ́ ilé alájà méje kan, Exchange Coffee House, èyí tó ga ju fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo ilé tó wà ní Amẹ́ríkà lọ lásìkò yẹn. Owó tó fẹ́ fi kọ́ ọ ni kò ní. Àmọ́ ó ti ṣàkíyèsí nǹkan kan tó lágbára: bébà báńkì tó bá wá láti ọ̀nà jíjìn, àwọn tó ń gbà á kì í rí àyè gbé e padà lọ gba wúrà. Ẹni tó wà ní Boston kò ní tìtorí dọ́là márùn-ún gun ẹṣin dé Chepachet. Bí báńkì bá ṣe jìnnà tó ni bébà rẹ̀ ṣe máa pẹ́ níta tó. Ẹ rò ó wò. Ohun tí Bàbá sọ pé ó dáàbò bo ará Wellington, ìtòsí, Dexter wá bó ṣe máa mú un kúrò. Ó tilẹ̀ ní ọwọ́ nínú báńkì kan ní Detroit, tó ṣì jẹ́ abúlé ẹnubodè nígbà náà, tí kò sẹ́ni tó máa rìn débẹ̀.

Ní 1808, ó rọra gba àkóso báńkì Gloucester. Láti ìgbà náà ni bébà ti ń tú jáde bí ẹní tú omi. Akápò ibẹ̀, William Colwell, ni gbogbo rẹ̀ já lé léjìká. Dexter ń kọ lẹ́tà sí i léraléra pé kó máa buwọ́ lu bébà láìsinmi, kó sì máa ṣe é lóru, kí ará ìlú má baà fura. Mo máa ń ronú nípa ọkùnrin yẹn, nídìí fìtílà, tó ń kọ orúkọ ara rẹ̀ sí ìlérí tó mọ̀ pé kò lè ṣẹ, lórí ọgọ́rọ̀ọ̀rún bébà. Ẹni tó bá sì gbé bébà dé Chepachet lójú ọ̀sán, wọ́n á fi falẹ̀, wọ́n á ka owó fún un díẹ̀díẹ̀, tàbí kí wọ́n fún un ní ìwé òmíràn tó máa gbà lọ sí Boston.

Àwọn oníṣòwò Boston ló fòpin sí i. Wọ́n pawọ́ pọ̀, wọ́n ń kó bébà àwọn báńkì ìgbèríko jọ, wọ́n sì ń fi wọ́n ránṣẹ́ padà sílé lọ gba wúrà. Ní March 1809, ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin wọnú báńkì Gloucester. Bébà tó wà níta tó nǹkan bíi $580,000. Wúrà àti fàdákà tí wọ́n bá nínú báńkì kò ju $86 àti sẹ́ǹtì díẹ̀ lọ.

Ìyẹn ni wọ́n kà sí báńkì àkọ́kọ́ tó wó ní Amẹ́ríkà. Bébà rẹ̀ di ohun tí ọmọdé ń fi ṣeré. Dexter sá lọ sí Nova Scotia ní Kánádà.

Ọmọ_Agége

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ẹ rí i! Ohun tí mò ń sọ nìyẹn. Ṣé wọ́n mú un?

Títílayọ̀_Providence

Kò sùn ẹ̀wọ̀n lórí ìyẹn rárá, àbúrò, èyí tó sì dùn mí jù nìyí. Nígbà tó yá, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Alabama, ó ra ilẹ̀, ó sì wà lára àwọn tó dá ìlú Montgomery sílẹ̀ ní 1819. Ó fi orí òkè kan sílẹ̀ pé ọjọ́ kan, ilé ìjọba máa wà níbẹ̀, ó sì rí bẹ́ẹ̀ ní 1846, lẹ́yìn ikú rẹ̀. Òpópónà tó gòkè lọ sí ilé ìjọba yẹn ń jẹ́ Dexter Avenue títí dòní. Ojú òpópónà yẹn ni ìjọ Onítẹ̀bọmi wà, èyí tí Martin Luther King di pásítọ̀ rẹ̀ ní 1954, tí ìjà lòdì sí bọ́ọ̀sì ẹlẹ́yàmẹ̀yà sì ti gbérí ní 1955. Gbogbo ayé mọ orúkọ òpópónà yẹn nítorí iṣẹ́ rere àwọn èèyàn dúdú. Àwọn àgbẹ̀ Gloucester tí bébà kú sí lọ́wọ́, ta ló mọ orúkọ wọn?

Nǹkan kan jáde nínú rẹ̀ ṣá. Lẹ́yìn 1820, Suffolk Bank ní Boston ṣètò pé kí báńkì ìgbèríko kọ̀ọ̀kan fi owó sọ́dọ̀ òun. Bó bá fi í síbẹ̀, Suffolk á máa gba bébà rẹ̀ ní iye tó wà lórí rẹ̀ gan-an. Èyí tó bá kọ̀, wọ́n á di bébà rẹ̀ jọ, wọ́n á gbé e wá bá a lẹ́nu ọ̀nà. Jíjìnnà kò wúlò fún ọ̀bàyéjẹ́ mọ́. Ní 1863, ìjọba àpapọ̀ wá fún báńkì láṣẹ láti máa tẹ owó tó ní orúkọ ìlú wọn lórí, àmọ́ wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi ìwé gbèsè ìjọba pamọ́ ní Washington. Irú owó bẹ́ẹ̀ ń jáde láti àwọn ìlú kéékèèké títí di 1935.

Kọ́lá_Aberdeen

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, gbogbo ilé. Ìtàn yín kò tíì parí o, torí níbi tí mo wà, báńkì ṣì ń tẹ owó tirẹ̀! Báńkì mẹ́ta ló ń ṣe é ní Scotland: Bank of Scotland, Royal Bank of Scotland àti Clydesdale. Mo gbé £20 ti ibí lọ sí London lọ́dún tó kọjá, ọmọ ìtajà kan yí i síwá sẹ́yìn, ó ní òun ò gbà á. Mo ṣàlàyé títí, ó kọ̀. Ọ̀rọ̀ Ẹ̀gbọ́n Títílayọ̀ ló wá yé mi báyìí, owó tó kúrò níbi tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n ti di àlejò.

Àmọ́ kì í ṣe pé kò ní ẹ̀yìn. Òfin ọdún 2009 sọ pé báńkì wọ̀nyí gbọ́dọ̀ ní ohun tó kún ojú iye bébà wọn nípamọ́. Apá kan rẹ̀ jẹ́ bébà àkànṣe tí Bank of England tẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kì í ná: òmíràn jẹ́ mílíọ̀nù kan pọ́n-ùn, òmíràn jẹ́ £100 mílíọ̀nù lórí bébà kan ṣoṣo.

Nípa ohun tí Bàbá sọ pé wọ́n á ta ilé ta oko, ó ṣẹlẹ̀ ní Scotland. Báńkì kan wà ní ìlú Ayr, Douglas, Heron and Company, wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1769. Àwọn onílẹ̀ ńláńlá ló ni ín. Wọ́n ń yá èèyàn lówó bí ẹni ń fọ́nká, ó sì wó ní 1772. Gbogbo ẹni tó ní bébà wọn lọ́wọ́ ni wọ́n san owó fún pé pérépéré nígbẹ̀yìn. Ilẹ̀ àwọn onílẹ̀ yẹn ló lọ sí i, ìdílé kan tẹ̀ lé òmíràn. Ọmọ Agége, àwọn ọ̀gá tìrẹ tó ṣì ń gun mọ́tò, òfin wọn yàtọ̀ sí ti Ayr.

Ọmọ_Agége

Ẹ̀gbọ́n Kọ́lá, èyí wọ̀ mí létí. Bí ọ̀gá báńkì bá mọ̀ pé ilé òun ni wọ́n máa tà, kò ní yá ọ̀rẹ́ rẹ̀ lówó láìwo ojú rẹ̀ dáadáa. Irú òfin yẹn ni mo fẹ́.

Bàbá_Bódìjà

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ jẹ́ kí n fi tilé kún un díẹ̀, torí ìbéèrè yìí dé ọ̀dọ̀ wa náà.

Bank of British West Africa dé Èkó ní 1894, òun ni wọ́n gbà láyè láti máa kó owó fàdákà wọlé. Kò tẹ owó bébà tirẹ̀ níbí. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá West African Currency Board sílẹ̀ ní 1912, bébà wọn sì jáde ní 1916, nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, tí fàdákà ṣọ̀wọ́n. Ọlọ́jà kò fẹ́ ẹ. Àwọn tó bá gbà á ń gé iye rẹ̀ kù, wọn ò ka ṣílè bébà sí ṣílè fàdákà. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń kọ̀wé pé àìmọ̀kan ló ń ṣe wọ́n. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀ rárá. Àwọn èèyàn tó ti ná owó ẹyọ fún ọ̀pọ̀ ìran, tí wọ́n ń ra koko, tí wọ́n ń ta epo, kì í ṣe òpè nípa owó. London ni ẹni tó ṣèlérí wà. Ìyá tó ń ta epo ní Ògbómọ̀ṣọ́ kò mọ̀ ọ́n, kò sì sí káńtà tó máa gbé bébà lọ. Ìwọ̀nba tó yẹ kó gbẹ́kẹ̀ lé e náà ló gbẹ́kẹ̀ lé e.

Nígbà tí àwọn ọmọ ilẹ̀ wa wá ń dá báńkì sílẹ̀ lẹ́yìn Ogun Kejì, owó títẹ̀ kò sí nínú rẹ̀ mọ́, àmọ́ ọ̀pọ̀ wọn wó kí ọdún 1954 tó parí, torí owó tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ kéré, kò sì sí òfin tó ń ṣọ́ wọn títí di 1952. Àwọn tó dúró, bíi National Bank tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1933 àti Agbọ́nmágbẹ̀ tó di Wema, ni àwọn tí ará ìlú mọ ẹni tó wà nídìí wọn.

Àbẹ̀kẹ́_Òṣogbo

Ẹ ṣé, Bàbá. Ẹ̀gbọ́n Adéṣínà, ìbéèrè mi tó kù rèé. Bí ìdílé Fox bá dára tó bẹ́ẹ̀, kí ló mú wọn dẹ́kun ní 1921? Ṣé wọ́n wó ni?

Adéṣínà_Taunton

Wọn ò wó, àbúrò. Òfin ló pa títẹ owó wọn, ó sì fi ọdún 77 pa á.

Lẹ́yìn ìdààmú 1825 tí Akówójọ sọ, ìjọba kọ́kọ́ fòfin de bébà tí kò tó pọ́n-ùn márùn-ún ní England. (Wọ́n fẹ́ ṣe é fún Scotland náà, Walter Scott, òǹkọ̀wé ọmọ Scotland, fi lẹ́tà bá wọn jà nínú ìwé ìròyìn títí wọ́n fi jáwọ́. Kọ́lá, ẹ wo ojú ẹni tó wà lórí owó Bank of Scotland yín.) Ní 1844 wá ni Robert Peel, olórí ìjọba nígbà náà, gbé òfin ńlá jáde. Kò gba ẹ̀tọ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni lójú ẹsẹ̀. Ó ní báńkì tuntun kankan kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ owó. Báńkì tó ti ń tẹ̀ ẹ́, ìyẹn báńkì aládàáni 207 àti báńkì onípìn-ín 72 (wọ́n ti dẹ òfin ẹni mẹ́fà nígbà náà), kò gbọdọ̀ kọjá iye tó ní níta ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún náà. Ti Wellington kò ju £6,500 àti díẹ̀ lọ. Báńkì tó bá sì wó, tàbí tí báńkì ńlá tó ní ọ́fíìsì ní London gbé mì, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ti kú nìyẹn.

Gbogbo wọn ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn báńkì ńlá ń ra àwọn kéékèèké, pàápàá nígbà ogun ọdún 1914 àti lẹ́yìn rẹ̀, báńkì márùn-ún péré ló wá gba gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan. Fox, Fowler ti dàgbà dé ẹ̀ka 55 nígbà náà. Bébà £6,500 láàárín ẹ̀ka 55, ẹ ò rí i pé kò sí èrè gidi kan níbẹ̀ mọ́. Mo gbà pé iyì ni wọ́n ń bá a fà. Lloyds rà wọ́n ní 1921, ẹ̀tọ́ náà sì parí lọ́jọ́ yẹn. Lloyds kan náà ló ti ra akọ màlúù dúdú ti Ìyá Ìbejì ní 1909.

Ìyá_Ìbejì_Swansea

Háà, Lloyds! Ẹ̀yin ọmọ, ṣé ìyẹn ni pé bébà tó ṣẹ́ kù lọ́wọ́ èèyàn ṣòfò?

Akówójọ_Peckham

Rárá, mà. Lloyds tó gba báńkì gba gbèsè rẹ̀ náà. Ẹni tó gbé bébà Fox lọ sí káńtà gba owó rẹ̀ pé, ìdí sì nìyẹn tó fi ṣọ̀wọ́n báyìí, torí fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo rẹ̀ ló padà sílé. Ti báńkì tó wó ló pọ̀ lọ́wọ́ àwa tó ń kó o jọ. Ọ̀kan nínú ti Fox wà ní British Museum. Adéṣínà, bí ẹ bá gbọ́ pé ẹnì kan ní Wellington ń tú àpótí ìyá rẹ̀ àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè pè mí.